Ilé Tí Owó Ti Ń Sùn

Àgbọn kan ṣoṣo ni mo ra ní ọjà Agbalata lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni obìnrin tó ń tà á gbà lọ́wọ́ mi, kò sì dín kọ́bọ̀. Mo sọ pé kọ́bọ̀ nítorí pé ó ti mọ́ mi lẹ́nu. Kò sí kọ́bọ̀ mọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé etíkun Àgbádárìgì gẹ́gẹ́ bíi tíṣà, náírà kan á ra àgbọn tí èèyàn máa ní kí wọ́n bá òun gbé sórí kẹ̀kẹ́. Ṣáájú ìyẹn, nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àádọ́ta kọ́bọ̀ ni mo fi ń jẹ ìrẹsì àti ẹran adìẹ lọ́sàn-án, a sì tún máa ń ráhùn pé adìẹ náà ò sanra. Owó wẹ́wẹ́ ìgbà náà máa ń dún lápò. Tí mo bá ń sáré bọ̀ ní kíláàsì, àwọn ọ̀rẹ́ mi á gbúròó mi kí wọ́n tó rí mi.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan lójú ọ̀nà márosẹ̀, sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé òun náà ní kọ́ìnì. Mo ní kó mú un wá kí n rí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní inú fóònù ló wà, kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Ó wá jókòó tì mí, ó ní ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí òun ti ń tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba owó jáde, tí wọ́n ń kọ ọ́ sí òun pé kí òun ní sùúrù, ó di ọ̀la. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, wọ́n ní tó bá fẹ́ kí owó náà yára jáde, kó kọ́kọ́ san ìdámẹ́wàá rẹ̀ wọlé.

"Bàbá àgbà," ó ní, "ṣé kí n san án?"

Ọ̀la yẹn ló dè mí lẹ́nu. Ìtàn tí mo wá sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, pẹ̀lú ibi kan tí mo fò nígbà tí mò ń sọ ọ́.

Mowo, ní ìta Àgbádárìgì, ni à ń gbé nígbà náà, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ méjì, nínú yàrá méjì. Ègùn ni ìyá tó ni ilé náà, opó ni, òróró àgbọn ló ń sè tà. Yorùbá rẹ̀ já gaara, àmọ́ tó bá ń kánjú, á fi Ègùn lú u. Nírọ̀lẹ́, tó bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, á ní, "Tíṣà, ó di osọ." Èmi náà á ní, "Ó di osọ, mà." Bí mo ṣe kọ́ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn: osọ, ọ̀la. Mo tiẹ̀ ń fi yangàn nílé ìwé pé èmi ọmọ Èkìtì ti ń gbọ́ Ègùn.

Ayé sọ́jà ni. Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, ti dé. Wọ́n ń sọ lórí rédíò pé kí gbogbo wa fún bẹ́líìtì wa, mo sì ti fi ìṣó lu ihò méjì kún tèmi. Owó oṣù wa máa ń pẹ́ tó oṣù méjì kó tó dé, tó bá sì dé, ọjà ti sá kọjá rẹ̀. Bàbá mi ń kọ lẹ́tà láti ilé, ìbéèrè kan náà ló sì máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀: ìgbà wo ni mo máa kọ́lé?

Ìyá onílé ló pè mí lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ọdún tuntun. Ó ní ẹbí àwọn fẹ́ ta ilẹ̀ ní Imeke, pé òun ti bá àwọn ẹ̀gbọ́n òun sọ̀rọ̀ nípa mi. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni wọ́n máa gbà fún plọ́ọ̀tì kan. Ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kan wà tó ṣe tán láti san jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ òun ti ní tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ni kí wọ́n fún. Wọ́n gbà, wọ́n sì dá ọjọ́: kí n san gbogbo rẹ̀ kí Àjíǹde tó dé, láìṣe bẹ́ẹ̀, ti kọ́sítọ́ọ̀mù ni. A lọ wo ilẹ̀ náà lọ́jọ́ Sátidé. Igi àgbọn mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀. Ìyàwó mi bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí ilé ìdáná máa wà, ó sì gún igi kékeré kan mọ́ ibẹ̀.

Gbogbo ohun tí a ní, pẹ̀lú owó tí mo yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti àjọ tí ìyàwó mi kó, jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì ó lé irinwó náírà.

Ọ̀rẹ́ mi, tíṣà ìṣirò, ló mú ọ̀nà wá. Lójú ọ̀nà Agbalata, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, àwọn kan ti ṣí ilé owó síbẹ̀. Ó ti fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà sọ́dọ̀ wọn, ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sì ń kà fún un lóṣooṣù. Mo rí bàtà tuntun lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń ké bó ṣe ń rìn, kò sì bínú pé ó ń ké. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ṣe ìṣirò owó mi sára pátákó: tí mi ò bá fọwọ́ kan èlé rẹ̀, tí mo jẹ́ kí èlé máa bí èlé, oṣù mẹ́ta péré, á ti kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

"Ó ku kó o wá ẹni tó máa gun àgbọn," ó ní.

Ìyàwó mi ò fẹ́. Mo ṣàlàyé títí, mo ní a ò ní fọwọ́ kàn án, a máa jẹ́ kó sùn níbẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀ nìyẹn. Ó ní, "Owó tó bá ń sùn, ta ló ń ṣọ́ ọ?" Síbẹ̀ ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó gbé owó àjọ náà fún mi.

Fáànù wà nílé owó náà, àga onítìmùtìmù wà, irin sì wà láàárín àwa àti akọ̀wé wọn. Ọ̀dọ́kùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni, kì í pe ẹnikẹ́ni lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa. Mo bi í ohun tí wọ́n ń fi owó náà ṣe tó ń bímọ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní wọ́n ń ra owó sẹ́fà, wọ́n ń tà á, ọjà sì ń bọ̀ láti Kùtọ̀nù. Mi ò bi í ní ìbéèrè kejì, èmi tí mo gboyè jáde ní yunifásítì. Ó fún mi ní káàdì róbótó kan tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Lóṣooṣù, a máa mú káàdì náà lọ, á sì bi wá bákan náà: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó jí àbí ó sùn?" Ẹni tó bá fẹ́ gba èlé rẹ̀ á ní ó jí. Èmi máa ń ní ó sùn. Á lu òǹtẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ọmọ tó bá ń sùn ló ń dàgbà."

Oṣù kìíní lọ, ìkejì lọ. Ní ìkẹta, nígbà tí Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ méjì, mo lọ láti sọ pé ó jí. Èrò kún orí àtẹ̀gùn. Akọ̀wé náà ní ọ̀gá mú kọ́kọ́rọ́ séèfù lọ sí Èkó, ká padà wá. A padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Obìnrin kan tó ń yan ẹja wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, ó gbé àtẹ rẹ̀ sórí itan, òórùn èéfín ń jáde lára aṣọ rẹ̀. Òun ló sọ lọ́jọ́ kẹta pé, "Owó yìí ti sùn jù. Ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti kú." Gbogbo àtẹ̀gùn rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìwé kan ti wà lára irin. Ẹni tó bá fẹ́ kí owó òun jí, kó kọ́kọ́ mú ìdámẹ́wàá rẹ̀ wá, owó ìjí ni wọ́n pè é. Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Bíbélì, tí òun náà fi owó síbẹ̀, ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. "Ìdámẹ́wàá," ó ní. "Ṣé wọ́n ti yan àwọn wọ̀nyí ní Léfì ni?" Ọ̀rẹ́ mi lọ yáwó, ó san tirẹ̀. Èmi ò ní. Ohun kan ṣoṣo tó kù nílé tó ṣeé tà ni ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó mi. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mò ń wo ẹ̀rọ náà, ìyàwó mi sì mọ ohun tí mò ń wò.

"Ẹni tó di owó yín mú," ó ní, "tó ní kẹ́ ẹ gbé òmíràn wá kóun tó lè ju èyí sílẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló fẹ́ fi dì í mú. Ẹ̀rọ mi ò ní kúrò níbí."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ṣe wọlé. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá onílé ránṣẹ́ láti Imeke pé àwọn ń retí mi lọ́jọ́ Sátidé, kò gbọ́dọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ìyá onílé fúnra rẹ̀ ti lọ tajà ní Agbalata lọ́jọ́ Ajé, ó sì sùn sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ nílùú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí mo ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ mi jáde lọ sí ilé ìwé, òun náà ń wọlé bọ̀. Agolo òróró ṣì wà lórí rẹ̀, ó ń mí hẹlẹ.

"Tíṣà," ó ní, "osọ ni wọ́n ń san owó ní ilé owó yín. Ẹni tó bá tètè dé ló ń rí gbà. Má fi falẹ̀ o."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. Ọkàn mi ti fò dé orí àtẹ̀gùn yẹn: ilẹ̀ ọ̀la ò ní mọ́ bá mi nílé. Mo wá gun kẹ̀kẹ́, mo sì gba ọ̀nà ilé ìwé.

Ibi tí mo fò fún ọmọ ọmọ mi nìyí.

Nínú yàrá àwọn tíṣà, ọ̀rẹ́ mi ti ń kọ ìwé sí ọ̀gá ilé ìwé. Ó fẹ́ gbàyè lọ sílùú lọ́jọ́ náà, kó lọ jókòó ti àwọn tó gba owó ìjí lọ́wọ́ rẹ̀ títí wọ́n á fi sanwó. Tíṣà Bíbélì ní òun náà máa bá a lọ. Obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní oúnjẹ sísè, tó ti fi owó tí ọkọ rẹ̀ ò mọ̀ sí i síbẹ̀, ti ń wá ìborùn rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀. Mo ní kì í ṣe òní. Ọ̀la ni wọ́n ń sanwó, ká jọ lọ láàárọ̀ ọ̀la, ká dé ibẹ̀ ṣáájú èrò. Tá a bá lọ lónìí, ọ̀gá ò ní fún wa láyè lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rẹ́ mi gbójú sókè. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ìyá onílé mi. Agbalata ló ti ń bọ̀. Ègùn ló fi sọ ọ́, mo sì gbọ́ ọ yékéyéké."

Ó wò mí díẹ̀, ó sì fa ìwé náà ya. Obìnrin náà ká ìborùn rẹ̀. Inú wa dùn lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rẹ́ mi ra ẹ̀pà fún gbogbo wa, ó ní ká kọ ọ́ sí èlé òun. Mo kọ́ kíláàsì mẹ́ta láìjókòó. Aago méjì lù, mo rántí pé mo gbọ́ ọ, mo sì rò ó lọ́kàn mi pé ó ku wákàtí mẹ́tàdínlógún sí aago méje àárọ̀.

Lọ́jọ́rú, àwa mẹ́rin wọ ọkọ̀ kan náà ní oríta Mowo. Kò tíì ju aago méje lọ púpọ̀ tá a fi débẹ̀. Kò sẹ́nì kankan lórí àtẹ̀gùn. Mo kọ́kọ́ yọ̀ sí i, mo rò pé àwa la ṣáájú. A gun òkè. Àgádágodo ńlá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ mi gbé ojú lé fèrèsé, ó fọwọ́ bo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ méjèèjì kó lè ríran. Ó pẹ́ níbẹ̀. Èmi náà wò ó. Wọ́n ti tú fáànù lọ. Wáyà rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ láti àjà.

Obìnrin tó ń yan ẹja ń kọjá lọ sí ọjà nísàlẹ̀, ó rí wa. Ó ní, "Àná ńkọ́? Kí ló dé tẹ́ ò wá lánàá?" Ó ní ọjọ́ Ajé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó, pé ẹnu àwọn èèyàn ti ń le, bóyá wọ́n ń bẹ̀rù kí àwọn sọ́jà má gbọ́. Wọn ò fún ẹnikẹ́ni ní èlé, àmọ́ ẹni tó mú káàdì rẹ̀ dé gba ojú owó tó fi síbẹ̀ pé pérépéré. Òun gba tòun lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èrò ò tiẹ̀ pọ̀. Nígbà tó di aago méjì, akọ̀wé náà ní òun ń lọ jẹun.

Obìnrin tó ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé ìborùn bojú. Ọ̀rẹ́ mi yíjú sí mi. Láti ọdún tá a ti mọ ara wa, a kì í bu ọlá fún ara wa. Bó ṣe ń bú mi ni mò ń bú u.

"Ẹ ní ọ̀la," ó ní.

Ó sọ̀ kalẹ̀, bàtà rẹ̀ ń ké títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Ẹ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Ó lé ní ọdún mẹ́rin kó tó tún pè mí ní o.

Ìyá onílé ń fún àgbọn nígbà tí mo délé. Mo dúró níwájú rẹ̀, mi ò kí i.

"Ìyá, ẹ ní osọ."

"Mo ní osọ. Ọjọ́ Ajé. Mo fojú mi rí wọn, wọ́n ń kàwó. Nígbà tí mo rí i pé o gba ọ̀nà ilé ìwé, mo ní bóyá o fẹ́ lọ gbàyè ni."

"Ṣé osọ kọ́ ni ọ̀la?"

"Osọ ni ọ̀la," ó ní. "Osọ náà ni àná." Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú abọ́ náà. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé e la fi ń mọ̀ ọ́n, Tíṣà. Èmi ò sì fi nǹkan kan tẹ̀ lé e."

Lọ́jọ́ Sátidé, ó bá mi lọ sí Imeke. Ó kúnlẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá mi dúró di ìparí ọdún. Wọ́n fún mi lọ́tí, wọ́n bá mi kẹ́dùn, wọ́n sì ta ilẹ̀ náà. Nígbà tó ṣe, mo gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ti gé àgbọn mẹ́ta, wọ́n sì ti ru bíríkì sí ibi tí ìyàwó mi gún igi sí.

Mi ò kọ́ ilé kankan ní etíkun yìí. Ilé tí mo ń gbé lónìí, ọmọ mi ló kọ́ ọ. Ìyá onílé ò sì sọ osọ lásán fún mi mọ́ láéláé. Nírọ̀lẹ́, á ní, "Tíṣà, ó di osọ tó ń bọ̀." Tó bá ń sọ̀rọ̀ àná, á ní osọ tó ti lọ, á sì dúró, á wo ojú mi bóyá ó yé mi.

Mo sọ fún ọmọ ọmọ mi pé kó má san ìdámẹ́wàá kankan, kó má sì sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kankan pé ọ̀la ni. Ó ní òun ò tíì san án. Títí di òní, ọ̀la náà ni wọ́n ń kọ sí i. Ó ti ń béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni mo fò nínú ìtàn náà, nítorí ó ní mo dákẹ́ níbì kan. Tó bá ka èyí, á rí i.

Ìyá onílé ti lọ. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Mowo ni wọ́n sin ín sí, nítòsí ibi tó ti ń sè òróró. Tíṣà Bíbélì ti lọ. Ó di pásítọ̀ kó tó kú, wọ́n sì sọ fún mi pé ó máa ń fi ìtàn owó ìjí wàásù láìdárúkọ mi. Obìnrin tó ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè lọ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Mi ò mọ̀ bóyá ọkọ rẹ̀ padà mọ̀. Obìnrin tó ń yan ẹja, mi ò rí i mọ́ lọ́jà, mi ò sì rí ẹni bi. Akọ̀wé náà, tó bá wà, òun náà á ti lọ́mọ ọmọ. Ìyàwó mi wà. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Òun ló fọ́ àgbọn ẹgbẹ̀rún kan yẹn, tó ní omi rẹ̀ ò dùn.

Tíṣà ìṣirò wà ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ojú ń dùn ún, kò lè ka ìwé mọ́, àmọ́ kò sí Àjíǹde tí kì í pè mí. Kì í kí mi. Bí mo bá ti gbé fóònù, á ní, "O ní ọ̀la."

Èmi náà wà. Mo máa ń ní, "Osọ ni mo sọ."